Ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe Linux n'Ìbàdàn: báwo la ṣe máa ṣe é tí ọwọ́ oníkálukú á fi kan kíbọ́ọ̀dù?

Arólé_Bódìjà · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ti di ìran wíwò. Ẹnì kan á dúró síwájú pẹ̀lú pírójẹ́kítọ̀, á máa tẹ àṣẹ lọ wàràwàrà nínú terminal (ojú ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà), àwa yòókù á máa mi orí pé ó yé wa. Mo bi àwọn tó wá nígbà tó kọjá bóyá ẹnikẹ́ni ti dé ilé fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èsì yẹn sílẹ̀.

Àsìkò tó yẹ ká múra rèé. Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò kan) àti prosẹ́sọ̀ tó bá wà nínú àkójọ wọn. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àlòkù tí wọ́n ń kó wọlé láti Ìlú Ọba, tí àwa ń rà, kò sí nínú àkójọ yẹn. Ẹ̀rọ ṣì dáa, kò sí ohun tó ṣe é, wọ́n kàn ní ó ti dàgbà.

Àbá mi: Sátidé kan lóṣù, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Ti àkọ́kọ́, fífi Linux sórí ẹ̀rọ. Ti kejì, terminal. Ti kẹta, Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe fáìlì. Kì í ṣe ìwàásù o. Ẹni tó bá wá, ẹ̀rọ rẹ̀ ló máa ṣí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi ṣe é. Ibo la máa lò? Èèyàn mélòó? Iná ńkọ́? Dátà ńkọ́? Ta ló máa sanwó? Ẹ dá sí i, ẹ má kàn tẹ àtàǹpàkò kí ẹ kọjá.

Ìyá_Tíṣà · Ajé, 9:02 alẹ́

Bọ̀dá Arólé, ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ girama ni mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe jẹ́ kì í ṣe iná, kì í ṣe dátà. Ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní "kò dá mi lóhùn o." Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sún mọ́ ọn, á gba máòsì, tẹ tẹ tẹ, "ó ti tán." Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọ́? Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe bọ̀dá yẹn.

Bó bá jẹ́ èmi, òfin kan ni mo máa fi lélẹ̀: olùrànlọ́wọ́ á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnu ni kó fi ṣàlàyé. Bó bá pọn dandan kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó ṣe é, kó tún tú u, kí ẹni náà wá tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń ni ẹni tó mọ̀ ọ́n lára gidigidi. Ẹ fara dà á.

Ìyẹn ló máa sọ iye èèyàn tí a lè gbà. Olùrànlọ́wọ́ kan ò gbọdọ̀ ní ju ẹni mẹ́rin lọ. A ní mẹ́rin tó dájú, àbí? Ẹni mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ẹni kẹtàdínlógún, kó dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má tò wọ́n ní ìlà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n jókòó yí tábìlì mẹ́rin ká, kí wọ́n kọjú síra wọn, kí ẹni tó ti yé lè ta ẹnìkejì lólobó.

Ìwé ìlànà tí a máa pín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ báyìí, ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ Linux rárá, ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti dúró tó ń wojú yín, ìlà yẹn gan-an lẹ máa tún kọ.

Fláàṣì_Gidi · Ajé, 9:40 alẹ́

Dátà ò gbọdọ̀ jẹ́ ìṣòro tí a bá múra dè é. Fáìlì ISO (odindi Linux nínú fáìlì kan) ti Linux Mint, ẹ̀yà Xfce, ń sún mọ́ 3GB. Ti Ubuntu 24.04, irú Linux mìíràn, ń sún mọ́ 6GB. Bí ẹni mẹ́rìndínlógún bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa Mint jáde lọ́jọ́ náà, ó ti ń lọ sí 48GB, aago mẹ́ta á lù kó tó dé ìdajì. Ẹnì kan ni kó wà á jáde lóru, kó fi sha256sum yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, kó wá kó o sórí fláàṣì.

Ventoy ni ká lò, sọ́fítíwia tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn látorí fláàṣì. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa fi sórí fláàṣì, lẹ́yìn náà a kàn ń da ISO sí i bí a ṣe ń da fáìlì yòókù: Mint, Debian, Lubuntu fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré, gbogbo rẹ̀ lórí fláàṣì 32GB kan.

Ẹ ṣọ́ra fún fláàṣì ojú títì o! Wọ́n á kọ 64GB sí i lára, inú rẹ̀ ò ju 8GB lọ. Á gba fáìlì, á dákẹ́, ìgbà tí iṣẹ́ bá dé àárín ló máa tó dójú tì yín. Sọ́fítíwia kan wà tó ń jẹ́ f3: f3write á kọ nǹkan kún un, f3read á kà á padà. Èyí tó bá kùnà, ẹ tètè dá a padà fún ẹni tó tà á kó tó gbàgbé ojú yín.

Ohun tó kù ni update, torí gbogbo ẹ̀rọ ló máa fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa gbé láptọ́ọ̀pù mi wá, apt-cacher-ng (sọ́fítíwia tó ń tọ́jú ohun tí ẹnì kan ti wà jáde fún àwọn yòókù) á wà lórí rẹ̀, ráútà kan á so gbogbo wa pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè sọ́fítíwia kan ló máa jẹ dátà. Àwọn tó kù á gbà á lọ́dọ̀ mi. Ìlà kan la máa kọ sínú ètò apt, irinṣẹ́ tó ń gba sọ́fítíwia wọlé, ní /etc/apt/apt.conf.d/ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tó ń tọ́ka sí port 3142 lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ká má gbàgbé láti yọ ìlà yẹn kí wọ́n tó lọ! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n dé ilé, apt á máa wá láptọ́ọ̀pù mi kiri, wọ́n á ní Linux ti bàjẹ́.

Oníṣẹ́_Dùgbẹ̀ · Ajé, 10:31 alẹ́

Ẹ kú làákàyè. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, èmi ni wọ́n ń gbé èyí tó bàjẹ́ wá bá, nítorí náà ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ dé orí tábìlì láìjẹ́ pé ẹni yìí ti yẹ̀ ẹ́ wò.

BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíkì, ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ó wà lórí ẹ̀rọ àwọn. Ẹ kàn yí nǹkan kan nínú BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) báyìí, Windows á béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48, kò ní sí ẹni tó mọ ibi tó wà. Kí wọ́n wò ó nínú àkáǹtì Microsoft wọn nílé, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kí wọ́n tó wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Fast Startup, ètò tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn. Ẹ pa á, torí bó bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán, Linux ò sì ní rí nǹkan kọ sí apá ibi tí Windows wà. Bí dísíkì ò bá hàn rárá nígbà tí ẹ fẹ́ fi Linux sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí RST ló wà nínú BIOS, bẹ́ẹ̀ AHCI ni Linux ń fẹ́ (ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísíkì sọ̀rọ̀). Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàdédé yí i lórí ẹ̀rọ tí Windows ṣì wà nínú rẹ̀ o, Windows yẹn lè má jí mọ́.

Dísíkì fúnra rẹ̀, ẹ fi smartctl, irinṣẹ́ tó ń sọ ìlera dísíkì, wò ó. Bí nọ́ńbà Reallocated tàbí Pending (ojú ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lórí dísíkì) bá ti ń gòkè, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó ni ín, ẹ ní kó lọ ra SSD. Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Bó bá kú lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ pa á.

Ẹ kọ bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tàn látorí fláàṣì gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Lenovo àti Dell, F12. HP, Esc, lẹ́yìn náà F9. Acer, F12, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ́kọ́ tan án nínú BIOS. Bí Wi-Fi ò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí Linux bá wọlé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ṣíìpù Broadcom ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi okùn so fóònù Android mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering kó lè lo dátà fóònù, ẹ fi gba ohun tí Wi-Fi náà ń fẹ́.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá · Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀

> Ti àkọ́kọ́, fífi Linux sórí ẹ̀rọ.

Ẹ má bínú, èmi ò bá yín lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ni mo ní. Ẹni tí ẹ bá fi Linux sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láìjẹ́ pé ó mọ ohun tó máa fi ṣe, Mọ́ńdè ló máa gbé e lọ bá Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀ pé kó bá òun yọ ọ́. Á sanwó, á sì máa sọ kiri àdúgbò pé ẹ ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́.

Project ilé-ìwé ni àwọn oníbàárà mi ń gbé wá, Times New Roman láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé kí ojú ìwé má yí padà. Ẹ fi hàn wọ́n, lórí Windows tí wọ́n ń lò yẹn, pé LibreOffice, sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tó dà bíi Microsoft Office, ń ṣí i. Fọ́ǹtì Liberation Serif ń gba ààyè kan náà pẹ̀lú Times New Roman, Carlito pẹ̀lú Calibri, Caladea pẹ̀lú Cambria, nítorí náà ìlà ò ní sún. Ẹ fi Firefox fún íntánẹ́ẹ̀tì, VLC fún fídíò àti GIMP fún àwòrán kún un. Oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé orí Linux, àwọn nǹkan tí wọ́n ti mọ̀ ló máa pàdé wọn níbẹ̀.

Arólé_Bódìjà · Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò gbà tán. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò gba àtúnṣe ààbò mọ́, ṣé oṣù méjì ló tún máa fi dúró?

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá · Ìṣẹ́gun, 8:13 àárọ̀

Ó ti ń dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á tì. Èmi náà wà níbẹ̀ 😀

Ìyá_Tíṣà · Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Ventoy tí Fláàṣì_Gidi mẹ́nu bà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Linux lè ṣí látorí fláàṣì láìfọwọ́ kan dísíkì. Kí gbogbo wa fi òwúrọ̀ lò ó bẹ́ẹ̀. Kí oníkálukú mú iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe lójoojúmọ́ wá: kó ṣí fáìlì ara rẹ̀, kó tẹ ìwé kan jáde, kó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lè fi Linux sí i lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí ọ̀kan ò bá ṣiṣẹ́ fún, kó má fi sí i lọ́jọ́ yẹn, kó gbé fláàṣì lọ sílé kó máa dán an wò. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá kọ sínú Linux orí fláàṣì máa pòórá tí wọ́n bá pa á, àfi tí wọ́n bá fi pamọ́ sórí fláàṣì mìíràn.

Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé sọ́fítíwia ìṣirò owó ibiṣẹ́ rẹ̀, orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, LibreOffice ti Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ló yẹ ẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá · Ìṣẹ́gun, 2:41 ọ̀sán

Èyí mo gbà.

Àṣàkẹ́_Poly · Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń kà nìkan ni, ṣùgbọ́n òfin Màámi Ìyá_Tíṣà ló mú mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá sí ìpàdé yín, èmi nìkan lobìnrin níbẹ̀. Mo béèrè nǹkan kan, ẹnì kan ti gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi kó tó gbọ́ ìbéèrè mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òfin yẹn sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ F12.

Debian ni mò ń lò, mo lè ṣe olùrànlọ́wọ́. Aago mẹ́ta tí ẹ dá, kó jẹ́ aago mẹ́ta lóòótọ́, torí àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Mo tún ní àbá kan. Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ kékeré tó dùn: kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì. Nínú ètò kíbọ́ọ̀dù Linux, ti Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà (setxkbmap ng yoruba, fún àwọn tó fẹ́ràn terminal). Ẹni tí kò bá fẹ́ yí kíbọ́ọ̀dù padà lè yan bọ́tìnì kan ní Compose, tó ń so àmì méjì tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ di ẹyọ kan: Compose, àmì ìyanu (!), e, ẹ á jáde. Compose, àmì ìyanu, s, ṣ á jáde. Ìyá mi rí i lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi sórí tòun.

Balógun_Terminal · Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́

Àṣàkẹ́, o ṣé, a ti fi ẹ́ kún olùrànlọ́wọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó: mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ò ka ìjókòó sí. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ìdógò. Ẹni tó bá wọlé kí aago mẹ́wàá àbọ̀ tó lù, ká dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá kù, epo jẹnẹrétọ̀. Oúnjẹ, oníkálukú ra tirẹ̀. Ká sì rántí pé Sátidé lọjọ́ ìnáwó n'Ìbàdàn, ẹ má dá ọjọ́ kankan sínú oṣù Ọ̀pẹ, ìdajì wa á wà nínú aṣọ ẹbí.

Ti Git, èmi ni mo máa ṣe é, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti GitHub, ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ Git sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Linus Torvalds kọ Git lọ́dún 2005, ó ṣe é kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìtàn iṣẹ́ lọ́wọ́, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan, Forgejo (irú GitHub tí a lè gbé sórí ẹ̀rọ ara wa) lórí rẹ̀, ráútà Fláàṣì_Gidi, ó tán. Iṣẹ́ tí a máa ṣe: ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà n'Ìbàdàn. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kó kọ fáìlì kékeré nípa rẹ̀, ọjà tó wà níbẹ̀, ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá pọ̀ ju mọ́kànlá lọ, ẹni méjì á gba Àkìnyẹlé, àwọn méjì mìíràn á gba Ọlúyọ̀lé, kí wọ́n kọ ìlà kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Merge conflict, ìgbà tí àtúnṣe méjì bá forí gbárí lórí ìlà kan náà, tí gbogbo èèyàn ń sá fún, mo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ní tábìlì, níwájú wa, nígbà tí kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n á jà lórí èwo ni ọjà tó tóbi jù, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á commit, ìyẹn ni pé wọ́n á fi pamọ́ sínú Git.

Nípa terminal: ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní dd, àṣẹ tó lè kọ nǹkan lé odindi dísíkì lórí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín /dev/sda àti /dev/sdb, orúkọ dísíkì méjì.

Ọmọ_Ìbàdàn_Manchester · Ọjọ́rú, 12:50 òru

Mò ń kà á láti òkè òkun. Níbí, a ní Repair Café, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam lọ́dún 2009, ó sì ti tàn káàkiri. Ohun tó wù mí nínú ètò wọn ni pé ẹni tó ni nǹkan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Kò lè gbé e sílẹ̀ kó lọ jẹun. Ẹ mú ìyẹn.

Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ End of 10, KDE, ẹgbẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwia fún Linux, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, nítorí Windows 10 yìí gan-an. Wọ́n ní àkójọ àwọn ibi tí èèyàn ti lè rí ẹni bá a fi Linux sórí ẹ̀rọ. Ẹ fi ẹgbẹ́ wa síbẹ̀.

Mo máa sanwó fláàṣì mẹ́rin, ọ̀kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ní kí n kó láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́ o, owó ìkẹ́rù lè ju owó ẹ̀rọ lọ.

Oníṣẹ́_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀

Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: kí ẹnikẹ́ni tó fi Linux sí i, kó ti da fáìlì rẹ̀ sórí nǹkan mìíràn, kó ṣí ọ̀kan níbẹ̀ lójú wa ká rí i. Kí ó fọwọ́ sí ìwé kékeré pé òun ti ṣe é. Bọ́tìnì "Erase disk" (pa gbogbo ohun tó wà lórí dísíkì rẹ́), òun fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́. Kódà bó bá ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́, mi ò ní tẹ̀ ẹ́.

Arólé_Bódìjà · Ọjọ́rú, 8:45 alẹ́

Ó ti ń lójú. Òwúrọ̀ orí fláàṣì, ọ̀sán fún ẹni tó bá fẹ́ fi sí i pátápátá. Mẹ́rìndínlógún, kò lé kan. Ìdógò ẹgbẹ̀rún kan. Oníṣẹ́ ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo máa kọ ìwé ìlànà, Ìyá_Tíṣà á gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan láti dán an wò. Ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ bá kọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ta ni kó pè? Mo dábàá pé kí olùrànlọ́wọ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan tọ́jú ẹni mẹ́rin rẹ̀ fún oṣù kan lórí WhatsApp. Ibi tí a máa lò nìkan ló kù.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́rú, 9:01 alẹ́

Yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù mi ṣófo ní Sátidé. Ínfátà wà, tábìlì ni kò tó.

Oníṣẹ́_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́rú, 9:06 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ínfátà yẹn ṣe tóbi tó? Láptọ́ọ̀pù mẹ́rìndínlógún, 65W kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní 1000W ká tó ka pírójẹ́kítọ̀.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́rú, 9:09 alẹ́

2.5kVA, bátìrì 200Ah méjì.

Oníṣẹ́_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́

Ó máa gbé e, ṣùgbọ́n kò ní gbé e dé aago mẹ́ta bí NEPA ò bá mú iná wá. Kí gbogbo èèyàn gba iná kún bátìrì wọn láti ilé. Àwọn tí bátìrì wọn ti kú nìkan ni kó wà lórí ínfátà, kí iná má lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gé dísíkì. Pírójẹ́kítọ̀, ẹ fi sílẹ̀ nílé, a ò ní lò ó mọ́.

Mo máa gbé ẹkisitẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn.